Sísítà Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kì í Sinmi

Ẹ má tẹ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù o! Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá yọjú sí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí wa nìyẹn, ì báà ṣe dókítà, ì báà ṣe ọkọ aláboyún tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń nulẹ̀ ní ọsibítù náà, láàárín ìlú Benin níbí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀ torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Jùmọ̀kẹ́ lorúkọ mi, ọmọ Ìkirè ni mí, àmọ́ Ìyá Adémọ́lá ni gbogbo wọn ń pè mí. Ẹni tó ń nulẹ̀ kì í ṣe afọ́jú. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lójú mi bí ẹni pé mọ́ọ̀pù nìkan ló dúró síbẹ̀, èmi náà á máa gbọ́, n kì í dá sí i àfi tí wọ́n bá mú mi bínú. Wọ́n sì máa ń mú mi bínú gan-an ni.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni Sísítà Gbéminíyì, olórí àwọn agbẹ̀bí wa. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà ní Benin, Ogbe ló ń gbé, kò jìnnà sí ààfin. Obìnrin kúkúrú, ó sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ń rìn, kí ẹ yà fún un ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọwọ́ kékeré, ó máa ń gbóná, kì í gbọ̀n. Mo ti rí aláboyún tó wá láti Ekiadolor, tó fi ọsibítù mẹ́ta sílẹ̀ lọ́nà, tó ní àfi nọ́ọ̀sì kúkúrú yẹn.

Iṣẹ́ Sísítà kì í ṣe ìgbẹ̀bí nìkan. Wọ́n tún fi àwọn ọmọ iléèwé agbẹ̀bí sábẹ́ rẹ̀ kó máa kọ́ wọn níṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí Sísítà kò lè rí ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́ kó má ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti wọ ìbọ̀wọ́, á ti dúró síbi tó yẹ. Orí ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Sísítà á máa sọ pé, "O káre, o káre, rọra, bẹ́ẹ̀ ni, rọra…" Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti fi ìbàdí ti akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á wá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síta, kò ní rí nǹkan kan dì mú. Èmi á yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi.

Kò ṣe é torí ìkà. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó fi aláboyún sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan kó lè lọ mu omi. Ọmọ yọ́ bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó bọ́ sórí ibùsùn. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ náà, wọ́n gbé e relé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òùngbẹ gan-an ń ba òun lẹ́rù. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gba ẹ̀pà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ, torí kò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ le ni ìwé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ló ní ìwé kan tí wọ́n máa ń gbé káàkiri. Iye ọmọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wọn gbà wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń kọ́ wọn á sì fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ àwọn níbòmíràn tó ń fọwọ́ sí i bí ẹní wọ́n iyọ̀. Sísítà? Láéláé! Ó ní òun ò lè fọwọ́ sí irọ́. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wọ iṣẹ́ náà, yóò fi bírò pupa fagi lé e, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ òun wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi rò ó wò. Ó ń já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó tún ń fìyà jẹ ẹ́ pé kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo sì sọ fún un pé ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, ó ní ọmọ tuntun kì í ṣe ẹ̀kọ.

Kì í ṣe pé wọn ò bá a sọ̀rọ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe gbogbo àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ ní ọsibítù sí ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì, lórí bí wọn á ṣe máa tọ́jú ara wọn, tí iṣẹ́ wọn náà á sì máa gòkè. Èmi ni mo to àga. Olùkọ́ tí wọ́n pè wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní ẹni tó ń kọ́ni gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ó ní kí oníkálukú kọ nǹkan kan tó fẹ́ gbé sílẹ̀ lọ́dún yẹn sínú bébà. Nígbà tí mo ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé, mo rí bébà Sísítà. "Kò sí" ló kọ. Ìwé tí wọ́n pín fún un, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n múná lọ.

Ọdún kẹrin rèé tí kò gba ìsinmi. Lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, fóònù rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbádùn: "Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ ti wo obìnrin ibùsùn kẹta?" Èbà rẹ̀ á gan sínú abọ́ títí èmi á fi dà á nù. Mo máa ń sọ fún un pé, "Sísítà, tí ẹ bá ṣubú lulẹ̀, èmi náà ni màá nu ibẹ̀." Á ní kí n lọ ríran níwájú.

Báyìí ni Èyímofẹ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọbìnrin gíga kan ni, kì í pariwo. Ìgbọ́kọ̀dá làwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Benin ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ ń ta gàrí ní Santana Market. Yorùbá yé e délẹ̀, àmọ́ pijin ló fi ń dáni lóhùn. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti rí, òun nìkan ló máa ń bọ́ bàtà kó tó tẹ ilẹ̀ tútù mi. Ẹ ti mọ̀ pé tirẹ̀ ni mò ń ṣe.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù kí ìwé Èyímofẹ́ pé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Fráídè ni iléèwé wọn á ti fèrèsé tí wọ́n ti ń gba ìwé náà. Tí kò bá dé ibẹ̀, kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò, oṣù mẹ́fà gbáko ló máa fi jókòó sílé. Bírò pupa ti wà nínú ìwé náà níbi mẹ́fà. Lọ́jọ́ Wẹ́sídè, ó di méje. Mo bá ọmọ náà nínú yàrá tí mo ń kó mọ́ọ̀pù sí, ó jókòó lórí báákẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún.

"Mama, I don tire," ó ní. "She go collect am for my hand, she go still cancel am."

Inú bí mi débi tí mo gbàgbé pé alágbàálẹ̀ ni mí. Mo gba yàrá Dókítà Olúmúyìwá lọ. Òun ni olórí wọ́ọ̀dù wa, ọmọdé lójú Sísítà, torí abẹ́ Sísítà lòun náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọmọ nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láìmí. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi náà, Ìyá Adémọ́lá, ó já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án."

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà dá Sísítà dúró ní kọ́ríídọ̀ níbi tí mo ti ń nulẹ̀, ó ní kó jókòó kí òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Sísítà ní òun ò ráyè. Dókítà ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́." Sísítà jókòó. Àádọ́sàn-án lórí àádọ́fà ni ẹ̀rọ náà sọ. Dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ máa lo oògùn láti òní. Ẹ lọ sílé báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì."

"Mi ò lè lọ," Sísítà dáhùn. "Ọmọ kan wà tí ìwé rẹ̀ ò tíì pé."

"Ta ni kò jẹ́ kó pé, mà?"

Sísítà wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. "Èmi ni," ó ní. Omi lé sí i lójú. Inú mi bàjẹ́, torí èmi ni mo lọ fẹjọ́ sùn, mi ò sì mọ̀ pé báyìí ló máa dùn mí.

Wọ́n wá ṣàdéhùn. Sísítà á lo oògùn, á lọ sùn, á padà wá lọ́jọ́ Fráídè, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀. Àga ló máa jókòó lé. Ẹnu àti ojú nìkan ló máa lò. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá fi lè kan iṣẹ́ Èyímofẹ́, ó parí nìyẹn.

"Ta ló máa ṣọ́ mi?" Sísítà bi í, ó ti ń bínú padà.

Dókítà yíjú sí mi. Háà! Èmi Jùmọ̀kẹ́, ọlọ́pàá lórí Sísítà Gbéminíyì! Mo fún gèlè mi le.

Fráídè dé, oògùn ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, Dókítà gbà kó jókòó. Ẹ wá wo ayé. Wọ́ọ̀dù tí kì í dákẹ́ rí dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan wá láago mẹ́sàn-án, kò tíì rọbí rárá, ata ló jẹ jù. Aago mẹ́wàá, kò sẹ́nì kan. Aago méjìlá, kò sẹ́nì kan. Èyímofẹ́ ń to ohun èlò, ó ń tú u, ó tún ń tò ó. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹnì kan rọbí ní Benin, kó má sì gba ọsibítù míì lọ.

Nígbà tó di aago kan, obìnrin kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nínú aṣọ iṣẹ́ báǹkì. Olúwadámisí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣàgámù, oyún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó ní inú ti ń run òun láti àárọ̀, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kọ́kọ́ dá àwọn oníbàárà tó wà lórí ìlà lóhùn. Èyímofẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti sún mọ́lé.

"Aunty, na me go take your pikin today," Èyímofẹ́ sọ fún un. "My oga sidon here."

Olúwadámisí wo Sísítà lórí àga. "Kí ló dé tí ọ̀gá jókòó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín?"

"Ìjìyà ni," mo dá a lóhùn. Sísítà fi ojú kan wò mí tí mi ò ní gbàgbé. Mo ní, "Sísítà, ẹ káwọ́ yín pọ̀nyìn."

"Ṣé mo jalè ni?"

"Ẹ ti ń jí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tipẹ́."

Aláboyún náà bú sẹ́rìn-ín, ìrora gbé ẹ̀rín náà mì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sísítà dìde, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo na igi mọ́ọ̀pù mi síwájú àga rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló ń dà á láàmú, kó gbé e fún ẹni tó nílò rẹ̀. Mo sún àga rẹ̀ síbi orí ibùsùn. Olúwadámisí kò béèrè, ó gbá ọwọ́ méjèèjì mú, ìrora tó tẹ̀ lé e dé, Sísítà sì kígbe pé, "Yéè! Ìwọ obìnrin yìí, ṣé agbára owó lo fi ń mú mi ni?"

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, orí ọmọ yọ. Èyímofẹ́ sì dákẹ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò dáa. Mo na ọrùn, mo rí i. Ìwọ́ ọmọ ti yí i lọ́rùn ká.

Mo wo Sísítà. Ìrora ti fi obìnrin náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dẹ̀. Sísítà lè fa tirẹ̀ yọ nírọ̀rùn. Mo rí i pé ó lè ṣe é, òun náà sì mọ̀. Igi mọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ mi, torí ká sòótọ́, tó bá dìde lákòókò yẹn, mi ò ní dá a dúró. Ẹ̀rù bà mí.

Kò dìde. Ó tún ọwọ́ obìnrin náà dì mú.

"Èyímofẹ́, kí lo rí?"

"Cord, ma. E dey the neck. But e loose."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"I wan carry am pass the head."

"Ṣe é."

Èyímofẹ́ ní kí Olúwadámisí má tì í, kó máa fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu bí ẹní ń fẹ́ ògì gbígbóná. Ó fi ìka méjì mú ìwọ́ náà, ó yọ ọ́ gba orí ọmọ kọjá, bí ẹní bọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ìgbà náà ló ní, "Oya, Aunty, push." Ọmọbìnrin! Ó ké kí gbogbo ara rẹ̀ tó jáde tán. Mo jó. Mo jó lórí ilẹ̀ tútù tèmi fúnra mi, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi wí.

Èyímofẹ́ gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ láyà, ó gba ibi ọmọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé. Ó yíjú sí Sísítà. "Ma, abeg, your hand touch am?"

Sísítà gbé ọwọ́ sókè. Ojú èékánná obìnrin báǹkì yẹn wà lára rẹ̀ rẹpẹtẹ. "Ó fẹ́ kàn án," ó ní. "Mi ò jẹ́ kó lọ." Ó mú ìwé náà, ó béèrè fún bírò aláwọ̀ búlúù, a wá a títí, inú báàgì Olúwadámisí la ti rí i. Ó fọwọ́ sí i. Ó wá sunkún bí ọmọdé, ó ní òun ò mọ̀ pé Èyímofẹ́ ti mọ iṣẹ́ tó báyìí, òun ò dúró wò ó rí.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lọ. "Sáré!" mo pariwo mọ́ Èyímofẹ́. "Gbé ìwé ẹ, máa lọ!"

Kò sáré. Ó wo aago, ó wo Olúwadámisí, ó tẹ ikùn rẹ̀ wò kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dá. Sísítà ló kọ́ wọn pé ẹni tó bá gbọmọ kì í fi ìyá ọmọ sílẹ̀ fún wákàtí kan, torí wákàtí yẹn ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lójijì. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì.

"I no fit leave am," ó ní. "E never reach one hour."

"Oṣù mẹ́fà ńkọ́?"

"Make I sidon six months."

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo sì fẹ́ dì mọ́ ọn. Dókítà Olúmúyìwá wọlé lákòókò náà, ó wá lé Sísítà lọ sílé gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Sísítà ní kó dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ òun, kó má sì fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tí ọmọ náà bá pè é. Sísítà fi ìwé náà sábẹ́ abíyá. "Ìyá Adémọ́lá, gbé báàgì mi!"

"Ilé ni mo ní kẹ́ ẹ lọ o, mà!" Dókítà ké tẹ̀ lé wa.

"Ọ̀nà ilé náà ni!" Irọ́ gbuu.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá níwájú ọsibítù. Ọmọ Edo tó wà á wo aṣọ nọ́ọ̀sì, ó wo ikùn Sísítà, ó ní, "Mama, na you wan born?" Mi ò lè tún èsì Sísítà sọ níbí. Ọkọ̀ ti dí ní Ring Road, Sísítà fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn, mo fi ẹ̀yìn mi dí ẹnu ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Mo ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní kí n pa ẹnu mi dé. Àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́rin lù nígbà tí a débẹ̀. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ti na ọwọ́ sí gíláàsì láti tì í. Sísítà ti ìwé náà bọ abẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé wo orúkọ tó wà lára ìwé, ó wo obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ nínú sálúbàtà wọ́ọ̀dù, tó ń làágùn, tí àmì ọ̀gá wà léjìká rẹ̀.

"Mà, akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kó mú ìwé rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Níbo ló wà?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́," Sísítà Gbéminíyì dáhùn. "Òun ló rán mi. Ẹ bá mi gbà á, ó ní n má pẹ́."